Àwọn Tó Ń Wá Ìròyìn fún Ọmọdé

Bí àgbàlagbà bá ń ka ìwé ìròyìn, tó sì kan ọ̀rọ̀ tí kò yé e, ńṣe ni yóò fò ó kọjá. Ojú ń tì í láti bèèrè. Ọmọdé ò mọ ìyẹn ní tiẹ̀.

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iṣẹ́ ìwé ìròyìn, wọ́n fi ojú ìwé àwọn ọmọdé lé mi lọ́wọ́ níléeṣẹ́ kan tí n kò ní dárúkọ. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìjọba ti fi kún èlé orí owó tí báńkì ń yá èèyàn. Mo rò pé mo ti ṣiṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ kejì, lẹ́tà dé láti ọwọ́ ọmọ ọdún 10: “Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ta ló ni owó tó wà ní báńkì?” Ẹ gbà mí! Mo gbé e tọ olóòtú wa lọ, bàbá náà họ orí. Odidi ọjọ́ mẹ́ta la fi wá èsì tí yóò yé ọmọ náà.

Ìdí nìyẹn tí ìtàn ètò kan ní Ìlú Ọba fi máa ń wù mí í sọ. Ní ọjọ́ kẹrin, oṣù kẹrin, ọdún 1972, BBC bẹ̀rẹ̀ ètò ìròyìn kúkúrú kan fún àwọn ọmọdé lórí tẹlifíṣọ̀n. John Craven's Newsround ni wọ́n pè é. Edward Barnes, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá ẹ̀ka ètò àwọn ọmọdé, ló gbé e kalẹ̀. John Craven ló ń kà á. Ọ̀sẹ̀ 6 péré ni wọ́n kọ́kọ́ fún un láti fi dán an wò. Ta ló rò pé ọmọ tó ti ilé ìwé dé, tó fẹ́ wo àwòrán ẹ̀fẹ̀, yóò jókòó gbọ́ ìròyìn? Àwọn ọmọ jókòó gbọ́ ọ.

Súwẹ́tà tí Craven máa ń wọ̀ làwọn èèyàn fi ń rántí rẹ̀ títí dòní, nítorí kò múra bíi tàwọn àgbà tó ń ka ìròyìn alẹ́. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ka ìròyìn la rí o. Àwọn tó wá ìròyìn náà wà lẹ́yìn, nídìí tẹlifóònù àti máàpù. Iṣẹ́ wọn ló jọ mí lójú. Bí ogun bá bẹ́ sílẹ̀ níbì kan, àgbà á bèèrè pé ta ló ń ṣẹ́gun. Ọmọdé á kọ́kọ́ bèèrè pé ṣé yóò dé ọ̀dọ̀ wa. Nítorí náà, aṣèwádìí ní láti mọ ibi tí ìlú náà wà, bó ṣe jìnnà tó, ohun tó dá ìjà sílẹ̀ látilẹ̀wá, kó tó di pé wọ́n kọ ìlà kan. Kò sì gbọdọ̀ parọ́ fún ọmọ náà kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀.

Ọjọ́ tí iṣẹ́ yìí le jù ni ọjọ́ 28, oṣù kìíní, ọdún 1986. Lọ́jọ́ náà, ní Florida lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, wọ́n fi ọkọ̀ Challenger ránṣẹ́ sí òfurufú. Èèyàn 7 ló wà nínú rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni Christa McAuliffe, olùkọ́ ọmọ ọdún 37 tí wọ́n yàn láàárín àwọn olùkọ́ tó lé ní 11,000. Ó fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé lẹ́kọ̀ọ́ látòkè lọ́hùn-ún, nítorí náà ọ̀pọ̀ ọmọ Amẹ́ríkà ló wà ní kíláàsì wọn, tí wọ́n ń wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá 73, ọkọ̀ náà fọ́ yángá lójú sánmà. Gbogbo wọn ló kú.

Ní Lọ́ńdọ̀nù, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lù. Nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú ló kù kí Newsround bẹ̀rẹ̀. Roger Finn ló fẹ́ ka ìròyìn lọ́jọ́ náà, ètò ọmọdé yìí ló sì kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ náà hàn lórí tẹlifíṣọ̀n ní Ìlú Ọba, ṣáájú gbogbo ìròyìn àwọn àgbà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ara yín sípò wọn. Olùkọ́ ló kú, ọmọ ilé ìwé lẹ fẹ́ sọ ọ́ fún, ẹ ò sì ní wákàtí kan láti fi ronú. Kí ló fà á? Kò sẹ́ni tó mọ̀ nígbà náà. Inú oṣù kẹfà ọdún náà ni ìgbìmọ̀ tí ìjọba Amẹ́ríkà gbé dìde tó jẹ́ kó yé ayé pé rọ́bà tí wọ́n fi dí oríkèé rọ́kẹ́ẹ̀tì tó ń ti ọkọ̀ náà lọ sókè ni kò ṣiṣẹ́ nínú òtútù òwúrọ̀ ọjọ́ náà. Ẹni tó bá méfò ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n ì bá ti purọ́ fún ọmọ ọlọ́mọ. Èmi tí mo ti kọ ìròyìn mélòó kan lójú kòókòó jàn-án-jàn-án, mo mọ bí ó ṣe máa ń yá èèyàn lẹ́nu láti fi “wọ́n ní” kún un.

Ní 1987 ni wọ́n yọ orúkọ Craven kúrò lára ètò náà, ó di Newsround lásán. Òun fúnra rẹ̀ fi í sílẹ̀ ní 1989. Ní 2020 ni wọ́n dá ti ìrọ̀lẹ́ dúró, wọ́n fi ti àárọ̀ sílẹ̀, torí pé àwọn ọmọ ìsinsìnyí ti gbé ojú kúrò lára tẹlifíṣọ̀n, wọ́n gbé e sí fóònù. Ibi tí “wọ́n ní” pọ̀ sí jù, ibẹ̀ náà ni wọ́n gbà lọ.

Ẹ ò tíì bi mí ohun tí a sọ fún ọmọ tó kọ lẹ́tà sí wa. A kọ ọ́ pé owó ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀, owó oníṣòwò wà níbẹ̀, owó àwọn tó ń gba owó oṣù náà wà níbẹ̀. Báńkì kó wọn pọ̀, ó ń yá ẹlòmíràn nínú rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, lẹ́tà mìíràn dé. Ìlà kan ṣoṣo ni: “Ṣé màmá mi mọ̀?”