Owó Ẹyọ, Owó Kirípítò àti Iye tí Owó Sísan Ń Náni

Púpọ̀ nínú àwọn tí ń kọ̀wé lórí owó kirípítò, iye tí Bitcoin kan jẹ́ ni wọ́n máa ń wò. Iye tí yóò ná ẹni tí ó fẹ́ fi ra ata kì í sábà jẹ wọ́n lógún. Ìtàn ọjà tiwa lè là wá lójú lórí èyí.

Kí owó onírin tó gbòde, owó ẹyọ ni wọ́n ń ná ní Ìwó àti káàkiri ilẹ̀ Yorùbá. Ogójì ni wọ́n ń sín sórí okùn kan; àádọ́ta okùn jẹ́ ẹgbàá; ẹgbàá mẹ́wàá sì jẹ́ ọ̀kẹ́ kan, ìyẹn 20,000. Ọ̀kẹ́ yìí kan náà ni a ń pe àpò (ó yẹ kí olùkọ́ ìṣirò máa sọ èyí fún àwọn ọmọ). Oníṣòwò tí ó bá fẹ́ kó ọ̀kẹ́ mélòó kan láti Ìwó lọ sí Ìbàdàn ní láti wá alárù, kí ó bọ́ wọn, kí ó sì san owó iṣẹ́ wọn. Láti nǹkan bí 1845 ni àwọn oníṣòwò Jámánì ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹyọ Zanzibar, tí ó tóbi ju ti àtijọ́ lọ, wọ etíkun wa. Iye ẹyọ wálẹ̀, ẹrù rẹ̀ sì wúwo sí i. Ìjọba amúnisìn fòfin de kíkó o wọlé ní 1904. Síbẹ̀, olówó ńlá ni ìnáwó yìí ń dé bá. Ẹni tí ó ra ata kò wá alárù.

Òdìkejì èyí ni Bitcoin, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2009. Kì í ṣe iye tí a fi ránṣẹ́ ni ó ń pinnu owó iṣẹ́, bí kò ṣe àyè tí ìsanwó náà gbà nínú àkọsílẹ̀ àti bí àwọn tí ń du àyè náà ṣe pọ̀ tó. Àyè ọ̀hún kò sì tó nǹkan: bí ìsanwó méje péré ni ó lè gbà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ní ọjọ́ kan nínú oṣù Kejìlá, 2017, owó iṣẹ́ náà ju $50 lọ ní ìpíndọ́gba. Ní ogúnjọ́ oṣù Kẹrin, 2024, ó ju $100 lọ. Ẹni tí ó ń fi $100,000 ra ilẹ̀ lè má fiyè sí i. Ẹni tí ó ń ra ata kò gbọdọ̀ dán an wò.

Lóòótọ́, lọ́pọ̀ ọjọ́, kì í wọ́n tó bẹ́ẹ̀, irú USDT sì wà tí owó iṣẹ́ rẹ̀ kéré. Ṣùgbọ́n náírà ni alátà Odò-Orí yóò gbà. Ẹni tí ó ní USDT gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tà á, ẹni tí yóò rà á a sì jẹ èrè tirẹ̀ lórí rẹ̀. Nígbà tí Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà pàṣẹ ní oṣù Kejì, 2021 pé kí àwọn báńkì ti àkáǹtì àwọn tí ń ṣòwò yìí, ọwọ́ àjèjì lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti lọ ń pààrọ̀. Oṣù Kejìlá, 2023 ni àṣẹ náà tó yí padà. Bí àjèjì bá gba USDT tán tí kò san náírà, kò sí ibi tí a ti ń ka ìyẹn mọ́ owó iṣẹ́.