Kí Abẹ Tó Kàn Án: Ìtàn Apẹ́ńdíìsì àti Oògùn Apakòkòrò



Lọ́dún tó kọjá, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ apẹ́ńdíìsì fún àbúrò mi kan. Apẹ́ńdíìsì náà kò tíì bẹ́. Dókítà ní kò nílò oògùn apakòkòrò nílé, torí wọ́n ti gún un lábẹ́rẹ́ rẹ̀ kí wọ́n tó là á. Ha! Ilé gbóná. "Ṣé wọ́n fẹ́ kí ọgbẹ́ ọmọ kẹ̀ ni?" Kí ilẹ̀ tó ṣú, a ti ra Flagyl àti Ampiclox ní kẹ́míìsì. Ọ̀sẹ̀ méjì ló fi lò ó, èébì àti ìgbẹ́ gbuuru ló fi jèrè. Èmi gan-an ni mo lọ rà á o. Ìyẹn ló jẹ́ kí n lọ ka ìtàn ọ̀rọ̀ yìí.

Ní oṣù kẹfà ọdún 1902, ọjọ́ méjì péré kí wọ́n tó dé Ọba Edward Keje ládé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, apẹ́ńdíìsì dá a dùbúlẹ̀. Frederick Treves là á nínú ààfin Buckingham, ó sì fa ọyún jáde. Ọba yè é, wọ́n sì dé e ládé ní oṣù kẹjọ. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin Treves fúnra rẹ̀ ti bá àìsàn yìí kan náà lọ ní 1900. Ẹ rò ó wò: ọba ni o, ọmọ dókítà ni o, kò sí oògùn apakòkòrò fún wọn. Ìmọ́tótó tí Joseph Lister bẹ̀rẹ̀ ní Glasgow ní 1865 nìkan ni oníṣẹ́ abẹ gbójú lé.

Alexander Fleming rí penisílììnì ní London ní 1928, ìgbà Ogun Àgbáyé Kejì ló sì tó bẹ̀rẹ̀ sí í dé ọwọ́ àwọn èèyàn. Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀pọ̀ dókítà ń fún aláìsàn lóògùn lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, fún ọjọ́ púpọ̀, bí àwa náà ṣe ń ṣe nílé.

Ní 1961, John Burke ní Amẹ́ríkà dán an wò lára àwọn ẹranko kéékèèké. Tí oògùn bá ti wà nínú ẹ̀jẹ̀ kí kòkòrò tó wọ ojú ọgbẹ́, kòkòrò kò ráyè. Tó bá fi wákàtí mẹ́ta pẹ́, bí ẹni pé wọn ò fún un rárá ni. Olè ti wọlé kí a tó ti ilẹ̀kùn.

Flagyl tí a mọ̀ mọ́ inú rírun náà ní ìtàn tirẹ̀. Inú ìfun ni apẹ́ńdíìsì wà, àwọn kòkòrò kan sì wà níbẹ̀ tí kò fẹ́ afẹ́fẹ́. Ní àárín ọdún 1970 sí 1979 ni àwọn dókítà ní Luton, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi hàn pé Flagyl ń dènà wọn nínú iṣẹ́ abẹ yìí.

Ní 2016, Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, fi òté lé e: ẹ fún un láàárín wákàtí méjì ṣáájú kí abẹ tó kan ara, ẹ má fà á gùn lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ nítorí àtidènà kòkòrò.

Tí apẹ́ńdíìsì bá ti bẹ́, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Ìtọ́jú nìyẹn, kì í ṣe ìdènà mọ́. Iye ọjọ́ tí dókítà bá sọ ni kí ẹ lò, ẹ má dín in, ẹ má fi kún un.

Fleming ti kìlọ̀ nígbà tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1945 pé ìlòkulò oògùn yóò kọ́ kòkòrò bí yóò ṣe borí rẹ̀. Flagyl tí a ń lò ní ìlòkulò nílé lónìí lè kọ̀ láti ṣiṣẹ́ fún ìyá ọlọ́mọ tí wọ́n bá gbé dé Ọ̀wọ̀ lóru ọ̀la.

Torí náà, ẹ bi dókítà ní ìbéèrè mẹ́ta: Ṣé ẹ ti fún un lóògùn kí ẹ tó là á? Ṣé apẹ́ńdíìsì ti bẹ́? Ọjọ́ mélòó ni ká lò ó? Tí ojú ọgbẹ́ bá wú, tó gbóná, tó ń ṣọyún, tàbí tí ibà bá dé, ọsibítù ni kí ẹ padà sí, kì í ṣe kẹ́míìsì.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ránṣẹ́ sí gúrúpù ẹbí yín. Òkèlúsè á dára o.

Alákòóso Ẹ̀ka Ọ̀dọ́