Ẹni tí a Pè Kò Gbọdọ̀ Mọ Ẹni tó Pè É: Lórí Ìpè láàárín Module JavaScript

Nígbà tí Brendan Eich ṣe JavaScript ní ilé-iṣẹ́ Netscape lọ́dún 1995, kò sí module nínú èdè náà. Gbogbo fáìlì tó bá wà lójú-ìwé kan, inú window kan ṣoṣo ni wọ́n ń kó orúkọ wọn sí. Bí fáìlì méjì bá ní function tó ń jẹ́ sanwo, èyí tó dé kẹ́yìn ló máa borí, bíráúsà kò sì ní sọ nǹkan kan. Bí ìgbà tí èèyàn ń pe "Ìyá Bọ́lá" láàárín ọjà ni: ẹni tó dáhùn lè má ṣe ẹni tí à ń pè. Ọdún 2015 ni import àti export tó wọnú ìlànà èdè náà. 2017 ni Safari àti Chrome bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á.

Import ti yanjú ọ̀rọ̀ orúkọ. Àmọ́ lójú tèmi, ibi tí ìpè kọrí sí ṣe kókó ju orúkọ lọ.

Ẹ jẹ́ ká fi Paystack ṣe àpẹẹrẹ, ilé-iṣẹ́ tí Shola Akinlade àti Ezra Olubi dá sílẹ̀ ní 2015. Ká ní ẹni tó ń ta ọsàn àti ọ̀pẹ òyìnbó ní Fìdítì fẹ́ kí àwọn oníbàárà Ìbàdàn sanwó kí ẹrù tó gbéra. Fáìlì oja.js ń ṣírò ẹrù, owo.js ń gba owó. Owo.js á kọ import PaystackPop from '@paystack/inline-js', á wá pe newTransaction, á fún un ní key, ímeèlì àti iye owó ní kọ́bọ̀ (₦5,000 á di 500000). Yóò tún fi function méjì lé e lọ́wọ́: onSuccess àti onCancel. Ibí gan-an ni ọgbọ́n wà. Module Paystack kò mọ̀ pé oja.js wà láyé. Ó ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tán, ó pe function tí wọ́n fún un, ó parí.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe yàtọ̀. Oja.js á ṣe import owo.js, owo.js náà á ṣe import oja.js, kó lè sọ apẹ̀rẹ̀ dòfo lẹ́yìn ìsanwó. JavaScript kò ní kọ̀ ọ́. Àmọ́ bí ọ̀kan bá fẹ́ lo const tí èkejì kò tíì dé ìdí rẹ̀, ReferenceError ló máa yọjú. Fáìlì tó kọ́kọ́ wọlé ló ń pinnu bóyá yóò ṣiṣẹ́, ìdí nìyẹn tí kóòdù tó dára lánàá fi lè dákú lónìí láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ìlà tó ṣẹ̀.

Àwọn kan á ní framework ti bójú tó o. Angular kì í tilẹ̀ gbà á: bí service méjì bá ń béèrè ara wọn, àṣìṣe NG0200 ni. Nínú React, òbí ló ń fi function lé ọmọ lọ́wọ́. Ọmọ kì í wá òbí kiri. CustomEvent, ìyẹn ìkéde tí fáìlì kan ń ṣe láìdárúkọ ẹni tó ń gbọ́, náà wúlò níbi tí ọ̀pọ̀ fáìlì bá ń fetí sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣòro láti tọpa ẹni tó gbọ́.

Ẹ má sì fi onSuccess ṣe ẹ̀rí ìsanwó, torí inú fóònù oníbàárà ló ti ń ṣiṣẹ́, ẹnikẹ́ni sì lè pè é fúnra rẹ̀. Kí ẹrù tó kúrò ní Fìdítì, ẹ jẹ́ kí sáfà fi secret key béèrè lọ́wọ́ Paystack bóyá owó ti wọlé.