Ìtàn Eyín Yíyọ àti Bí Ọmọ Ènìyàn Ṣe Borí Ìrora Rẹ̀

Nínú gbogbo àìsàn tí kì í pa ènìyàn lójú ẹsẹ̀, agbára káká ni a fi lè rí èyí tí ó burú tó eyín dídùn. Ẹni tí eyín ń dùn kò lè jẹun, kò lè sùn, bẹ́ẹ̀ ni kò lè sọ̀rọ̀ kí ó já geere. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni yóò fara da ìrora yìí fún oṣù mẹ́ta ju kí wọ́n jókòó sórí àga oníṣègùn eyín fún ogún ìṣẹ́jú lọ. Ẹ̀rù ni ó fà á. Ẹ̀rù náà kì í sì í ṣe ẹ̀rù òmùgọ̀, nítorí pé ó ní ìtàn. Àwọn tí ó ṣáájú wa sí ayé jìyà gidi lọ́wọ́ ayọyín kí ọgbọ́n tó dé. Bí a bá tọ ìtàn náà láti ìbẹ̀rẹ̀, yóò hàn gbangba pé ohun tí ọ̀pọ̀ ń bẹ̀rù ti kọjá lọ tipẹ́tipẹ́.

KÒKÒRÒ INÚ EYÍN

Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni àwọn Yorùbá ti gbà pé kòkòrò ni ó ń jẹ eyín. Kì í ṣe Yorùbá nìkan ni ó ní irú ìgbàgbọ́ yìí. Ní ilẹ̀ Bábílónì ayé àtijọ́, wọ́n kọ ọfọ̀ kan sára wàláà amọ̀, nínú èyí tí kòkòrò ti ń bẹ àwọn òrìṣà pé kí wọ́n fún òun ní ààrin eyín àti ẹran ìdí rẹ̀ ṣe ibùgbé. Irú ìgbàgbọ́ kan náà fìdí múlẹ̀ ní Yúróòpù fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún.

Ní ọdún 1728, ará Faransé kan, Pierre Fauchard, tẹ ìwé ńlá alápá méjì jáde lórí iṣẹ́ abẹ eyín. Ó fi awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá wo eyín tí ó ti jẹrà, kò sì rí kòkòrò kankan níbẹ̀. Ní ọdún 1890 ni ará Amẹ́ríkà kan tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ìlú Berlin, W. D. Miller, wá ṣe àlàyé tí ó yanjú ọ̀rọ̀ náà: àwọn ohun abẹ̀mí tí ojú lásán kò lè rí ni ó ń sọ oúnjẹ tí ó há sí eyín, pàápàá ohun dídùn, di omi kíkan, omi kíkan yìí ni ó sì ń jẹ eyín. Nítorí náà, àwọn baba wa kò ṣìnà pátápátá. Kòkòrò wà lóòótọ́. Kíkéré rẹ̀ ni kò jẹ́ kí ojú rí i. Kò sì yani lẹ́nu pé àyẹ̀wò òde òní fi hàn pé àwọn igi kan tí a fi ń rin orín, bí i orín àtà, ní èròjà tí ó ń pa irú kòkòrò bẹ́ẹ̀.

AYÉ ONÍGBÀJÁMỌ̀

Ní ilẹ̀ Yorùbá, olóòlà ni ó ń kọ ilà, òun náà ni ó sì ń dá abẹ́ fún ọmọ. Ní Yúróòpù ayé àtijọ́, onígbàjámọ̀ ni ó wà ní irú ipò yẹn. Ẹni tí ó fá irùngbọ̀n ní òwúrọ̀ lè gbẹ́jẹ̀ lára aláìsàn ní ọ̀sán, kí ó sì yọ eyín ní ìrọ̀lẹ́. Ní ọdún 1540, ọba Henry Kẹjọ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì so ẹgbẹ́ àwọn onígbàjámọ̀ pọ̀ mọ́ ti àwọn oníṣẹ́ abẹ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọdún 1745 ni wọ́n tó pínyà.

Irinṣẹ́ wọn bani lẹ́rù. Ọ̀kan rí bí àgógó ẹyẹ ńlá kan, orúkọ ẹyẹ náà ni wọ́n sì fi ń pè é. Nígbà tí ó di ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún, wọ́n ṣe òmíràn tí ó dà bí kọ́kọ́rọ́: wọn a fi ìkọ́ rẹ̀ há eyín, wọn a sì yí i bí ẹni ṣí ìlẹ̀kùn. Nígbà mìíràn eyín a kán sínú, ẹran ìdí eyín a ya, egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ pàápàá a sì ṣẹ́. Ní nǹkan bí ọdún 1840 sókè ni John Tomes, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe àwọn ẹ̀mú tí ẹnu wọn bá ọrùn eyín kọ̀ọ̀kan mu rẹ́gí. Irú ẹ̀mú bẹ́ẹ̀ ni a ń lò di òní. Ṣùgbọ́n ìrora ṣì wà níbẹ̀.

HORACE WELLS ÀTI AFẸ́FẸ́ APANILẸ́RÌN-ÍN

Oníṣègùn eyín ni Horace Wells ní ìlú Hartford, ní ìpínlẹ̀ Connecticut, ní Amẹ́ríkà. Ní ọjọ́ 10, oṣù Kejìlá, ọdún 1844, ó lọ wo eré kan tí Gardner Colton ń ṣe fún owó. Afẹ́fẹ́ kan ni Colton ń fún àwọn ènìyàn fà símú, tí ó ń mú wọn rẹ́rìn-ín tí wọ́n sì ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́. Ọ̀kan nínú wọn sáré káàkiri, ó sì fi ẹsẹ̀ gbá nǹkan títí ẹ̀jẹ̀ fi jáde, síbẹ̀ kò mọ̀. Gbogbo àwọn tí ó kù ń rẹ́rìn-ín. Wells nìkan ni ó ń ronú.

Ní ọjọ́ kejì, ó ní kí Colton gbé afẹ́fẹ́ náà wá. Kò wá ẹlòmíràn láti dán an wò lára. Ara tirẹ̀ ni ó fi lélẹ̀. Nígbà tí ó fà á símú tí kò mọ ohun tí ó ń lọ mọ́, alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ John Riggs fa ọ̀kan nínú àwọn eyín ẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Nígbà tí ojú rẹ̀ là, kò lè ka ohunkóhun tí ó mọ̀ lára sí ìrora.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ní oṣù Kìíní ọdún 1845, Wells lọ sí ìlú Boston láti fi ọgbọ́n náà han àwọn oníṣègùn àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn. Ó dà bí ẹni pé wọ́n tètè gbé afẹ́fẹ́ kúrò nímú aláìsàn; bí wọ́n ti ń fa eyín ni ó ké. Àwọn tí ó péjọ pariwo lé Wells lórí, wọ́n pè é ní ẹlẹ́tàn. Ìtìjú yìí dà á láàmú, kò sì lè fọkàn sí iṣẹ́ rẹ̀ bí ti tẹ́lẹ̀ mọ́.

Ní ọjọ́ 16, oṣù Kẹwàá, ọdún 1846, ní ìlú Boston yìí kan náà, William Morton tí ó ti bá Wells ṣiṣẹ́ rí fi oògùn tí à ń pè ní ether kun aláìsàn kan lóorun, wọ́n sì ṣe iṣẹ́ abẹ lọ́rùn rẹ̀ láìsí igbe. Òkìkí kàn káàkiri ayé. Crawford Long ti lo ether fún iṣẹ́ abẹ ní ọdún 1842, ṣùgbọ́n kò kọ ọ́ jáde títí di 1849. Ìjà ta ni ó kọ́kọ́ ṣe é bẹ́ sílẹ̀. Ní ti Wells, ó bẹ̀rẹ̀ sí fi oògùn mìíràn, chloroform, dán ara rẹ̀ wò títí orí rẹ̀ fi dàrú. Ní oṣù Kìíní ọdún 1848, ó gba ẹ̀mí ara rẹ̀ nínú ẹ̀wọ̀n ní New York. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni. Ọdún 1864 ni ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn eyín ilẹ̀ Amẹ́ríkà tó gbé oríyìn fún un, nígbà tí kò sí láyé láti gbọ́ ọ.

ABẸ́RẸ́ APÀRORA

Lẹ́yìn èyí, àwọn ọlọ́gbọ́n wá oògùn tí yóò pa ibi tí a fẹ́ ṣiṣẹ́ lé nìkan kú, tí aláìsàn yóò sì wà lójú. Ní ọdún 1884, William Halsted fi abẹ́rẹ́ kokéènì pa iṣan ìmọ̀lára eyín ìsàlẹ̀ kú; ṣùgbọ́n oògùn yìí sọ òun tìkara rẹ̀ di ẹrú. Ará Jámánì, Alfred Einhorn, ṣe procaine ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ogún, èyí tí kì í mú ènìyàn lẹ́rú. Ní ọdún 1943 ni Nils Löfgren ṣe lidocaine ní ilẹ̀ Sweden. Òun ni a sì ń lò níbi púpọ̀ títí di òní.

OHUN TÍ ALÁÌSÀN YÓÒ BÁ PÀDÉ LÓNÌÍ

Àwọn iṣẹ́ abẹ kékeré tí ó wọ́pọ̀ ní ẹnu kò ju díẹ̀ lọ: yíyọ eyín tí ó ti bàjẹ́, gígé ẹran láti yọ eyín ẹ̀yìn tí ó há sínú egungun, ṣíṣí oówo kí ọyún lè jáde, títú awọ tí ó so ahọ́n mọ́lẹ̀, àti gígé díẹ̀ lára egbò fún àyẹ̀wò.

Oníṣègùn yóò kọ́kọ́ béèrè bóyá aláìsàn ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àtọ̀gbẹ, bóyá ó lóyún, àti irú oògùn tí ó ń lò. Kí ó sọ òtítọ́. Bí wọ́n bá gún un lábẹ́rẹ́, yóò ta á díẹ̀. Láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀ ètè rẹ̀ yóò kú. Yóò mọ̀ pé wọ́n ń tì, wọ́n sì ń fà, ṣùgbọ́n kò yẹ kí ó mọ ìrora mímú. Bí ó bá mọ̀ ọ́n, kí ó na ọwọ́ sókè. Wọn yóò fi oògùn kún un.

Lẹ́yìn iṣẹ́, yóò gé òwú jẹ fún nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹ̀jẹ̀ tí ó dì sínú ihò eyín ni ìdérí egbò náà. Nítorí náà, kò gbọdọ̀ yọ ẹnu, kò gbọdọ̀ tutọ́ tagbáratagbára, kò sì gbọdọ̀ mu sìgá. Ẹ̀kọ tí kò gbóná dára fún un. Lẹ́yìn wákàtí mẹ́rìnlélógún, kí ó máa fi omi lílọ́ wọ́ọ́wọ́ tí a fi iyọ̀ sí ṣan ẹnu jẹ́jẹ́. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ lè wú fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta kí ó tó lọ sílẹ̀. Bí ìrora bá tún le ní ọjọ́ kẹta, ó ṣeé ṣe kí ìdérí yẹn ti ṣí. Kí ó padà lọ sí ilé ìwòsàn. Bí ọrùn bá ń wú, tí kò lè gbé itọ́ mì tàbí tí kò lè mí dáadáa, kí wọ́n gbé e lọ lójú ẹsẹ̀.

Ikú wà nínú ìdádúró. Ní ọdún 1836 ni oníṣègùn ará Jámánì kan, Wilhelm von Ludwig, ti ṣàpèjúwe wíwú abẹ́ àgbọ̀n tí ó lè dí ọ̀nà ọ̀fun pa. Eyín tí ó ti jẹrà ni ó sì sábà ń fà á. Ẹni tí ó ń fi ògógóró yọ ẹnu, tàbí tí ó ń da omi bátìrì sínú ihò eyín, ń bo iná mọ́lẹ̀ ni. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́.

Láti àwọn ọdún 1960 ni Yunifásítì Èkó ti ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní iṣẹ́ ìṣègùn eyín, àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga mìíràn sì ti tẹ̀ lé e. Ìyà tí Wells jẹ kò gbọdọ̀ já sí asán. Olùkọ́ tí ó bá ń kọ́ ọmọdé ní ìtàn yìí ti bá a lé ẹ̀rù àwọn baba ńlá rẹ̀ jáde, ọmọ náà yóò sì lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn nígbà tí ihò eyín rẹ̀ ṣì kéré.