Láti Ọkọ́ Àgbẹ̀ Dé Ọkọ̀ Tòkunbọ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Bí a bá fi òwe yìí wo ọkọ̀ àlòkù tí a ń pè ní Tòkunbọ̀, a ó rí i pé àwa ti sọ ọmọ lórúkọ kí a tó béèrè ilé tó ti wá. A mọ̀ pé orí òkun ló gbà dé; ṣùgbọ́n ẹni tó kọ́kọ́ ni ín, àìsàn tó ti ṣe é rí, àti ohun tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é ti kéde nípa rẹ̀, a kì í sábà béèrè. Nínú àròkọ yìí, mo fẹ́ tọpa ìtàn ohun kékeré kan nínú ọkọ̀, èyí tíí ṣe fáànù tí ń tu ẹ́ńjìnnì lára, kí a lè fi í dáhùn ìbéèrè ńlá kan: bí ohun tí a fowó rà bá ti ní àbùkù láti ọwọ́ ẹni tó ṣe é, ta ni ó yẹ kó tún un ṣe? Ìlú Ìwó ni n ó fi ṣe ibùdó ìtàn náà.

Kí ọkọ̀ tó dé Ìwó, ọkọ́ ni wọ́n mọ̀. Alágbẹ̀dẹ ló ń rọ ọ́, àgbẹ̀ ló ń fi í ro oko, inú ìlú kan náà sì ni àwọn méjèèjì ń gbé. Bí ọkọ́ bá ṣẹ́ lọ́jọ́ kejì tí a rà á, ilé arọ kò jìnnà. Àgbẹ̀ yóò gbé e padà lọ bá ẹni tó rọ ọ́. Alágbẹ̀dẹ kò lè sọ pé òun kò mọ ọkọ́ náà, bẹ́ẹ̀ ni kò lè sọ pé òun kò mọ àgbẹ̀ náà, nítorí pé ọjà kan náà ni ará ilé wọn ń ná. Kò sí ìwé òfin láàárín wọn. Ìtìjú ni òfin, àìfẹ́ kí orúkọ ẹni bàjẹ́ sì ni ọlọ́pàá.

Nígbà tó di ọdún 1906, wọ́n ṣí ọ̀nà ọkọ̀ láti Ìbàdàn dé Ọ̀yọ́. Ní ọdún 1907, ojú irin tó ti Èkó gba Ìbàdàn kọjá dé Òṣogbo, Ìwó sì wà lójú ọ̀nà rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ọ̀nà mọ́tò gbòde, tí lọ́rì sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá rélùwéè du ẹrù kòkó àti èrò. Títí di òní, ẹni tó bá dé Ìbàdàn yóò rí i pé orúkọ Ìwó ni wọ́n fi ń pe ọ̀kan nínú gáréèjì tí èrò ti ń pọ̀ jù níbẹ̀: Ìwó Road.

Ẹ jẹ́ kí a ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì àwọn ọkọ̀ àtijọ́ wọ̀nyí wò. Iná ni ẹ́ńjìnnì ń jẹ, bí a kò bá sì rí ohun tu ú lára, ooru ara rẹ̀ ni yóò pa á. Nínú ọkọ̀ Ford tí wọ́n ń pè ní Model T, èyí tí wọ́n ṣe láti ọdún 1908 títí di 1927, kò sí ẹ̀rọ tí ń fa omi nínú ọ̀pọ̀ jù lọ wọn. Omi tó gbóná a máa gòkè fúnra rẹ̀ lọ sínú rédíétọ̀, èyí tó ti tutù a sì máa sọ̀ kalẹ̀ padà sínú ẹ́ńjìnnì. Fáànù wà lẹ́yìn rédíétọ̀, bẹ́líìtì tí ẹ́ńjìnnì ń yí ló sì ń yí i. Nígbà tí lọ́rì Bedford jáde ní 1931, omi àti fáànù oníbẹ́líìtì náà ló ń lò. Nítorí náà, bí lọ́rì bá gun òkè pẹ̀lú ẹrù tó pọ̀ jù, tí èéfín omi sì ń rú níwájú rẹ̀, gbogbo èrò ló rí i. Awakọ̀ a dúró, ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ a gbé kẹ́ẹ̀gì omi sọ̀ kalẹ̀, wọn a dúró kó tutù kí wọ́n tó fi àkísà di ìdérí rédíétọ̀ mú. Bí bẹ́líìtì ló já, wọn a wá òmíràn fi sí i. Ojú ló rí àbùkù náà, ọwọ́ ló sì tún un ṣe.

Lẹ́yìn òmìnira, ó dà bí ẹni pé alágbẹ̀dẹ fẹ́ padà wá sí ìlú. Ní 1975, ilé iṣẹ́ Peugeot bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní Kàdúná, Volkswagen sì bẹ̀rẹ̀ ní Èkó. Volkswagen kékeré tí àwọn ènìyàn wa ń pè ní Ìjàpá kò lo omi rárá. Atẹ́gùn tí fáànù ń fẹ́ nìkan ló ń tu ú lára. Bí bẹ́líìtì rẹ̀ bá já, iná pupa a tàn níwájú awakọ̀, nítorí pé bẹ́líìtì kan náà ló ń yí fáànù àti ẹ̀rọ tí ń pèsè iná mànàmáná. Ẹni tó bá ra irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ní tuntun mọ ibi tó ti rà á, ẹni tó tà á náà sì kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀ ní àwọn ọdún 1980, owó náírà já wálẹ̀, ọkọ̀ tuntun sì di ohun tí olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ kò lè rà mọ́. Báyìí ni Tòkunbọ̀ ṣe gba ojú pópó.

Ní òkè òkun, nǹkan mìíràn ti ń ṣẹlẹ̀. Ní 1965, amòfin kan ní Amẹ́ríkà, Ralph Nader, kọ ìwé kan tó fi hàn pé àwọn tí ń ṣe ọkọ̀ mọ ewu tó wà nínú ohun tí wọ́n ń tà. Ní ọdún 1966, ìjọba ilẹ̀ náà ṣe òfin pé bí ilé iṣẹ́ bá rí àbùkù tó lè pani lára, ó gbọ́dọ̀ kọ̀wé sí ẹni tó ra ọkọ̀ náà. Ẹ ṣàkíyèsí pé ìkéde nìkan ni òfin yìí kọ́kọ́ béèrè. Ní 1974 ni wọ́n fi kún un pé ilé iṣẹ́ gbọ́dọ̀ tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Èyí ni ohun tí a lè pè ní ìpè-padà ọkọ̀. Kí ni ó jẹ́ bí kò ṣe àṣà ilé arọ, tí wọ́n wá fi òfin gbé dìde nítorí pé alágbẹ̀dẹ àti àgbẹ̀ kò gbé ìlú kan náà mọ́?

Ní àkókò yìí náà ni fáànù pàápàá yí padà. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ìsinsìnyí, kì í ṣe bẹ́líìtì ló ń yí i mọ́ bí kò ṣe iná mànàmáná, kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ ló sì ń sọ ìgbà tí yóò bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tí yóò dúró. Àbùkù irú fáànù yìí kì í sábà hàn sójú. Mọ́tò inú rẹ̀ lè gan, kí ẹ́ńjìnnì sì gbóná kọjá àlà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Wáyà rẹ̀ lè gbóná títí yóò fi gbiná. Inú ìwé ilé iṣẹ́ tó ṣe é ni àbùkù bẹ́ẹ̀ ti kọ́kọ́ ń hàn, nígbà tí ìròyìn bá ti ọ̀dọ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn wọlé. Nítorí náà, ìkéde ti di ojú tí a fi ń rí ohun tí awakọ̀ lọ́rì ń fi ojú ara rẹ̀ rí.

Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ ti kan Ìwó. Lẹ́tà ìpè-padà a máa lọ sí ilé ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ọkọ̀. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ náà ti wọ ọkọ̀ ojú omi, ó ti sọ̀ ní Kùtọnu tàbí ní Èkó, ó sì ti ọwọ́ oníṣòwò kan bọ́ sí ọwọ́ òmíràn. Lóòótọ́, ìjọba wa fòfin de gbígbé ọkọ̀ gba ẹnubodè orí ilẹ̀ wọlé láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2017, ṣùgbọ́n ibodè òkun tó ṣí sílẹ̀ náà kò béèrè lẹ́tà yìí. Lẹ́tà wà ní Amẹ́ríkà, ọkọ̀ wà ní Ìwó. Nígbà tí ọkọ̀ bá wá gbóná, mẹkáníìkì la ń pè. Ọlọ́gbọ́n ènìyàn ni. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni yóò yọ ohun tí ń ṣí omi tí ń pa á dé, tí yóò sì so wáyà fáànù ní tààrà, kó lè máa yí ní gbogbo ìgbà tí a bá ti ṣí kọ́kọ́rọ́. Ọkọ̀ yóò rìn. Àmọ́ bí ó bá ṣe pé mọ́tò fáànù náà gan-an ni wọ́n pè padà, a ti fi aṣọ bo egbò ni, a kò wò ó. Bí iná bá wá sọ lọ́jọ́ kan, àwọn kan á ní ayé ni, àwọn mìíràn á ní Ògún ló bínú. Ògún kò mọ̀ nípa wáyà tí kò ní fíúùsì.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú ni ìpè-padà kò lè ṣiṣẹ́ sí. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2017, Ford pe ọkọ̀ Kuga 4,556 padà ní Gúúsù Áfíríkà lẹ́yìn tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wọn ti gbiná. Omi kò yí ká nínú ẹ́ńjìnnì bó ti yẹ, ẹ́ńjìnnì ń gbóná jù, orí rẹ̀ ń sán, òróró sì ń jò. Àwọn tó ni ọkọ̀ pariwo, àjọ tí ń ṣọ́ ẹ̀tọ́ oníbàárà dá sí i, ilé iṣẹ́ sì gbọ́. Tuntun ni wọ́n ti tà wọ́n níbẹ̀, nítorí náà orúkọ àwọn tó rà wọ́n wà lọ́wọ́.

Àwa náà kò ṣàìní òfin. Òfin ológun ti ọdún 1992 ló dá àjọ tí ń dáàbò bo oníbàárà sílẹ̀. Òfin ti 2018 ló sì gba ipò rẹ̀, tó sọ pé ẹni tó bá ṣe ohun eléwu tàbí tó kó o wọlé gbọ́dọ̀ kéde rẹ̀ kó sì kó o kúrò lọ́jà. Ṣùgbọ́n ta ni yóò kéde Tòkunbọ̀? Ẹni tó ṣe é kò tà á fún wa, ẹni tó tà á fún wa kò sì ṣe é.

Ọ̀nà kan ṣí sílẹ̀ síbẹ̀. Ọkọ̀ ìsinsìnyí kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà ṣáásì, lẹ́tà àti nọ́ńbà mẹ́tàdínlógún, tí a lè rí lábẹ́ gíláàsì iwájú. Bí a bá fi nọ́ńbà yìí wádìí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, lọ́dọ̀ àjọ ààbò ojú pópó ti Amẹ́ríkà fún ọkọ̀ tó ti ibẹ̀ wá, tàbí lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ tó ṣe é, a ó mọ̀ bóyá wọ́n ti pè é padà rí tí a kò sì tíì tún un ṣe. Ọ̀fẹ́ ni. Ìwádìí ìdílé ọmọ nìyí, ó sì yẹ kó ṣáájú owó.

Ṣùgbọ́n èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ìkéde wọ̀nyí, Gẹ̀ẹ́sì amòfin sì ni. Mẹkáníìkì tó kọ́ṣẹ́ ní Ìwó mọ ẹ́ńjìnnì ju ọ̀pọ̀ nínú wa lọ, ṣùgbọ́n èdè Yorùbá ló fi kọ́ ọ. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, iṣẹ́ wa nìyí. A ti ń túmọ̀ ewì àti eré; ẹ jẹ́ kí a túmọ̀ ìkéde ìpè-padà pẹ̀lú, kí a sì mú un lọ sí ìpàdé àwọn mẹkáníìkì. Alágbẹ̀dẹ ti jìnnà sí àgbẹ̀. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ jẹ́ ońṣẹ́ láàárín wọn.