Títọ Ipasẹ̀ Àwọn Akọ̀wé Ìjọba Àtijọ́ ní Abidjan

Bí a bá dárúkọ Yorùbá ní Abidjan, àwọn oníṣòwò Ẹ̀jìgbò ni ó kọ́kọ́ ń wá sí ni lọ́kàn. Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn wà tí kì í ṣe ọjà ni ó gbé wọn débẹ̀. Kétu, Sábẹ̀ẹ́ tàbí Àjàṣẹ́ ni wọ́n ti jáde, tí wọ́n bá òyìnbó Faransé ṣiṣẹ́ ìjọba, tí àwọn mìíràn sì kú sí àjò. Nínú ọ̀pọ̀ ìdílé wọn, ìtàn tí ó kù kò ju gbólóhùn kan lọ: ‘Bàbá ṣe akọ̀wé lọ́dọ̀ òyìnbó.’ Bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn àgbà wí pé ilé ni à á wò kí á tó sọ ọmọ lórúkọ.

Ní 1893 ni Faransé sọ Côte d'Ivoire di ilẹ̀ àkóso ọ̀tọ̀. Àwọn ará Dahomey, ilẹ̀ tí a yí orúkọ rẹ̀ padà sí Bẹ̀nẹ̀ ní 1975, àti àwọn ará Tógò ti tètè kàwé nílé ẹ̀kọ́ àwọn míṣọ́nárì. Nígbà tí ìjọba ń wá akọ̀wé, olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́, ọ̀dọ̀ wọn ni ó ti rí púpọ̀. Olú ìlú ṣí kúrò ní Grand-Bassam lọ sí Bingerville ní 1900, ó sì dé Abidjan ní 1934. Bí ìjọba ti ń ṣí ni àwọn akọ̀wé ń tẹ̀lé e.

Ní oṣù Ọ̀wàrà 1958, àwọn kan ní Abidjan dìde sí àwọn ará Dahomey àti Tógò, wọ́n ní àlejò ti gba iṣẹ́ mọ́ onílé lọ́wọ́. Wọ́n fọ́ ilé, wọ́n kó ẹrù, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn sì padà sí ìlú wọn láìròtẹ́lẹ̀. Ẹni tí ó ń sá fún ẹ̀mí rẹ̀ kì í dúró ru àpótí ìwé. Nítorí náà ni ẹ̀dà tí ó wà lọ́wọ́ ìjọba fi ṣe iyebíye: ìdílé tí ó bá pàdánù ìwé rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ọ̀nà mìíràn kò pọ̀ fún un mọ́.

Ìwé wọ̀nyí kò sí lójú kan. Ní 1913, Gómìnà Àgbà William Ponty pàṣẹ pé kí ilẹ̀ àkóso kọ̀ọ̀kan máa tọ́jú ìwé rẹ̀. Ti Côte d'Ivoire wà ní ilé ìtọ́jú ìwé àtijọ́ ní Abidjan. Ti Dahomey wà ní Àjàṣẹ́. Ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Dakar, níbi tí a ti fi lẹ́tà C sàmì sí ìwé àwọn òṣìṣẹ́. Èyí tí Faransé kó lọ nígbà òmìnira wà ní Aix-en-Provence. Kí olùwádìí tó lọ sí èyíkéyìí nínú wọn, kí ó kọ́kọ́ wá ìwé ìkéde ìjọba, Journal officiel, nílé ìkàwé. Níbẹ̀ ni a ń tẹ ìgbanisíṣẹ́, ìgbéga àti ìṣípòpadà òṣìṣẹ́ sí. Ẹni tí ó bá ti rí ọjọ́ àti ipò iṣẹ́ ti rí okùn tí yóò fi fa ìwé yòókù jáde.

Orúkọ ni ó sábà ń tan olùwádìí jẹ. Ohun tí Faransé fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ni ó ń kọ: ṣ di ch, u di ou, j di dj. Ẹni tí ó ń wá Adéṣínà, kí ó wo Adéchina; Olúṣọlá lè di Olouchola. Ẹlòmíràn sì wà tí ó ń jẹ́ orúkọ tí àwọn baba rẹ̀ mú ti Brazil bọ̀, bí i da Silva, tí kò sí ohun tí ó jọ Yorùbá lára rẹ̀. Níhìn-ín ni olùkọ́ Yorùbá ti wúlò fún àwọn ará ilé.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ṣí àpótí gbọ́dọ̀ múra sílẹ̀ de ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Iṣẹ́ ìjọba nígbà náà kò mọ sí ìwé kíkọ. Gbígba owó orí wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ àfipáṣe, tí òfin Houphouët-Boigny fi òpin sí ní 1946. Ohun tí ògbufọ̀ bá sọ ni ajẹ́lẹ̀ gbọ́. Amadou Hampâté Bâ, tí òun pàápàá ti ṣe akọ̀wé ìjọba rí, tí ó sì kú ní Abidjan ní 1991, fi ìwé rẹ̀ nípa ògbufọ̀ tí ń jẹ́ Wangrin, tí ó jáde ní 1973, hàn bí agbára náà ti pọ̀ tó. Ọmọ lè ka ìyìn baba rẹ̀ lójú ìwé kan, kí ó ka ẹ̀sùn àwọn ará oko lójú ìwé kejì. Kí ó má ṣe fi ọ̀kan bo èkejì mọ́lẹ̀.

Kí ó sì rántí pé ọ̀gá ni ó kọ ìwé náà. Bí ó bá pe akọ̀wé ní ‘agbéraga’, ó lè jẹ́ pé ẹni tí kò dọ̀bálẹ̀ ni ó ń sọ. Ìwé ìjọba kò mọ oríkì bàbá, kò sì mọ ẹni tí ó fi owó oṣù rẹ̀ rán lọ sílé ẹ̀kọ́. Ẹnu àwọn àgbà ni èyí wà. Àgbà ṣe àṣìṣe nípa ọdún, ìwé a tún un ṣe. Ìwé dákẹ́ nípa ìwà, àgbà a sọ ọ́.

Iṣẹ́ yìí yẹ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Nàìjíríà pẹ̀lú, nítorí ilé ìtọ́jú ìwé tí Kenneth Dike dá sílẹ̀ ní 1954 wà ní Ìbàdàn. Kí olùkọ́ kọ́kọ́ rán wọn lọ bi àwọn àgbà ilé léèrè, kí wọ́n kọ orúkọ, ìlú àti iṣẹ́ sílẹ̀. Ìwé lè pẹ́ díẹ̀ sí i ní ìpamọ́. Àwọn tí ó mọ bàbá lójú kò ní pẹ́ tó o.