Orin Ní Í Ṣíwájú Ọ̀tẹ̀

Àwọn àgbà ní orin ní í ṣíwájú ọ̀tẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ kò ṣòro: kí ìjà tó bẹ́ sílẹ̀, orin ni yóò kọ́kọ́ bọ́ sẹ́nu ará àdúgbò, ẹni tó bá gbọ́n á sì ti inú orin mọ ohun tó ń bọ̀. Òwe tó bá ìtàn àwọn obìnrin wa mu gan-an ni. Àwọn ló ń dá orin lọ́jà, nídìí ìkòkò aró àti lágbàlá ilé olórogún. Ohun tí obìnrin kò lè sọ lójú ọba tàbí lójú ọkọ, orin ló fi ń sọ ọ́.

Ẹ̀rí rẹ̀ wà l'Ábẹ́òkúta. Láti ọdún 1918 ni wọ́n ti ń gba owó orí lọ́wọ́ obìnrin Ẹ̀gbá. Nígbà ogun Hitler, àwọn agbófinró tún ń gbẹ́sẹ̀ lé ìrẹsì àwọn ọlọ́jà. Nígbà tí ara kò gbà á mọ́, ní ìparí ọdún 1947, obìnrin tó lé ní 10,000 ya bo ààfin, wọ́n sùn síbẹ̀ mọ́jú, wọ́n ń fi orin bú ọba wọn, Aláké Adémọ́lá Kejì. Ní January 1949, Aláké fi orí ìtẹ́ sílẹ̀. Òótọ́ ni pé ó padà wá ní ọdún 1950, ṣùgbọ́n orin náà ti ṣiṣẹ́ tirẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà pé ìjà àwọn obìnrin alákọ̀wé ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Alákọ̀wé ni Ìyáàfin Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti tó ṣe aṣáájú, ṣùgbọ́n àwọn ọlọ́jà tí kò mọ̀wé ló pọ̀ jù lọ lẹ́yìn wọn. Nítorí tiwọn ni Ìyáàfin ṣe bọ́ kaba òyìnbó sílẹ̀, tí wọ́n ró ìró, tí wọ́n wọ bùbá, tí wọ́n sì ń fi Yorùbá sọ̀rọ̀ nípàdé.

Níbo ni àwọn ọlọ́jà ti rí àyà tí wọ́n fi kojú ọba? Wọ́n ti ń bá a fà á tipẹ́. Ní ọdún 1936, Aláké yìí kan náà fẹ́ fòfin de sódà kọ́sítíìkì àti aró òyìnbó tí àwọn aláró ń lò sí àdìrẹ. Àwọn aláró kò gbà. Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ gómìnà. Obìnrin tó ní owó iṣẹ́ ọwọ́ tirẹ̀ lápò kì í tètè bẹ̀rù.

Ibí ni mo fẹ́ dúró sí, nítorí pé ohun méjì ni a sábà máa ń dà pọ̀ nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ ọnà tó ń jà fún ẹ̀tọ́. Iṣẹ́ ọnà kan wà tó ń fẹ̀sùn kan ìlú. Òmíràn wà tó ń tú oníṣẹ́ fúnra rẹ̀ sílẹ̀ lóko ẹrú. Àkọ́kọ́ là ń pàtẹ́wọ́ fún, ìkejì ni a ń pè ní òwò lásán.

Ẹ wo àdìrẹ eléko. Obìnrin á tẹ́ aṣọ tééru funfun sílẹ̀, á ki ìyẹ́ adìẹ bọ inú ẹ̀kọ láfún, á sì máa ya àrà sórí aṣọ ní ìgun mẹ́rin-mẹ́rin. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró kò ní wọ ibẹ̀. Bí wọ́n bá rẹ ẹ́ léraléra títí tó fi dúdú, tí wọ́n sá a, tí wọ́n sì ha ẹ̀kọ kúrò, àrà á yọ síta. Nínú àrà tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàndùn, òpó gbọ̀ngàn Mápó ni wọ́n máa ń yà, wọ́n á sì ya ṣíbí sáàárín òpó méjì. Àwọn kan fẹ́ rí ọ̀tẹ̀ nínú gbogbo irú àrà bẹ́ẹ̀. Kò yẹ bẹ́ẹ̀. Ìlú Ìbàdàn ni àrà náà ń yìn. Inú owó tó wọ ọwọ́ ẹni tó yà á ni kí a ti wá ẹ̀tọ́ tó wà níbẹ̀. Bákan náà, àwọn tó ń sọ pé àdìrẹ eléko ti wà láti ìwáṣẹ̀ kò sọ ọ́ dáadáa. Aró ló ti wà tipẹ́. Aṣọ tééru tí òyìnbó kó dé ló jẹ́ kí eléko gbilẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá. Àwọn obìnrin gba ohun àjèjì, wọ́n sì sọ ọ́ di oúnjẹ ọmọ.

Ọ̀nà yìí náà ni Ìyá Níkẹ̀ẹ́ Òkúndayé, oníṣẹ́ àdìrẹ tó jẹ́ ọmọ Ògìdì ní ìpínlẹ̀ Kogí, tọ̀. Ilé ni wọ́n ti kọ́ iṣẹ́, lọ́dọ̀ ìyá tó bí ìyá wọn àgbà. Ní ọdún 1983 wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní Òṣogbo, wọ́n sì ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ àti obìnrin tí kò lówó lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n tún kọ́ àwọn ọmọbìnrin Nàìjíríà tí wọ́n ti kó lọ fún òwò nàbì ní Ítálì níṣẹ́ ọwọ́, ìjọba Ítálì sì fi oyè dá wọn lọ́lá ní ọdún 2006. Kò dìgbà tí wọ́n bá ya àwòrán obìnrin tó ń sunkún. Obìnrin tó ń sunkún ni wọ́n kọ́ níṣẹ́.

Èmi kò sọ pé kí a fojú tẹ́ńbẹ́lú iṣẹ́ tó ń fẹ̀sùn kan ìlú. Ní ọdún 2017, nígbà tí Nàìjíríà kọ́kọ́ ní pèpéle tirẹ̀ níbi àfihàn iṣẹ́ ọnà ńlá ti Venice ní Ítálì, Péjú Alátiṣe gbé ère ọmọbìnrin 8 lọ síbẹ̀, gbogbo wọn níyẹ̀ẹ́ lẹ́yìn. Ìtàn Sim ló fi dá wọn: ọmọdébìnrin tí wọ́n fi ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ l'Ékòó, tó ń lálàá ibi tí òun ti lè fò. Ọ̀pọ̀ ilé tí à ń gbé ni ẹ̀sùn náà bá wí. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti wà ní Nàìjíríà láti ọdún 2003, ó sì ka gbígba ọmọ ọlọ́mọ síṣẹ́ ilé léèwọ̀. Síbẹ̀, ọmọ ọlọ́mọ ṣì ń fọ abọ́ ní òru nínú ilé àwọn tó mọ òfin náà.

Ohun tó mú mi padà sórí òwe wa nìyẹn. Orin ní í ṣíwájú, àwọn àgbà kò sì sọ pé orin ni ọ̀tẹ̀ fúnra rẹ̀. Bí àwọn obìnrin Ẹ̀gbá bá kọrin tán tí wọ́n sì lọ sílé, owó orí ì bá ṣì wà. Wọ́n kọrin, wọ́n sùn lẹ́nu ààfin, owó ọjà sì wà lọ́wọ́ wọn. Níbi tí orin bá ti ṣíwájú tí ohunkóhun kò tẹ̀lé e, eré ìdárayá ni, ìyà ṣì wà.

Nítorí náà, ẹ̀yin òǹkàwé, bí ẹ bá fẹ́ ra àdìrẹ, ẹ béèrè ẹni tó ṣe é. Àwọn ẹ̀rọ ilẹ̀ òkèèrè ń tẹ àrà àwọn ìyá wa sórí aṣọ tó pọ̀ lọ́jà báyìí, kọ́bọ̀ kan kò sì dé ọwọ́ aláró. Ẹ san iye tó tọ́ fún iṣẹ́ ọwọ́, ẹ má ṣe ná ọjà náà jù. Bí ọmọ ọlọ́mọ bá sì wà nílé yín, ẹ jẹ́ kó lọ sí ilé ìwé láàárọ̀ ọ̀la.